Ohun Tí Orin Ń Ṣe Lára Ọmọ Wa

 

 Ohun tí ó mú mi gbé kálámù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ìbéèrè tí ìyá kan bi mí lẹ́yìn ìpàdé òbí àti olùkọ́ wa. Ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Àfáà, ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí. Oṣù kẹta rèé tí ó ti wà lórí Súúrà Múlúkù, kò tíì há a sórí tán. Ṣùgbọ́n bí olórin bá gbé orin jáde lónìí, kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, ó ti mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣé kí n gba fóònù náà kí n fọ́ ọ ni?"

Áyà 30 ni Súúrà Múlúkù. Ọmọ ọdún 11 ni ọmọ náà. Mo dá ìyá náà lóhùn lọ́jọ́ náà bí àwa àfáà ṣe máa ń dáhùn, mo ní kí ó gba fóònù, kí ó sì máa ṣe àdúà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ìdáhùn náà kò tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn. Ọmọ tí ó lè há orin sórí lọ́jọ́ kan, kì í ṣe olódo. Opolo rẹ̀ pé. Kí ni orin ní tí ẹ̀kọ́ wa kò ní? Kí sì ni ó ń ṣe sí ọmọ tí ó ń gbọ́ ọ láti òwúrọ̀ di alẹ́? Ìyẹn ni mo lọ wádìí.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti inú oyún, nítorí ibẹ̀ ni etí ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti bí oṣù kẹfà ni ọmọ inú ti ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ àti bí ọkàn ìyá náà ṣe ń lù kì-kì-kì. Ní ọdún 1986, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, DeCasper àti Spence, ní kí àwọn aláboyún máa ka ìtàn ọmọdé kan náà sókè lójoojúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ 6 tí ó kẹ́yìn oyún wọn. Nígbà tí wọ́n bímọ, tí àwọn ọmọ náà kò tíì ju ọmọ ọjọ́ díẹ̀ lọ, wọ́n fi orí ọmú oníròbà sí wọn lẹ́nu, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ. Bí ọmọ bá ṣe fà á ni ẹ̀rọ yóò ṣe yan ìtàn tí yóò gbọ́. Àwọn ọmọ wọ̀nyí fà á lọ́nà tí yóò fi gbé ìtàn tí wọ́n ti gbọ́ nínú oyún jáde, kódà nígbà tí ó jẹ́ pé obìnrin mìíràn ni ó ń kà á. Wọn kò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Bí ohùn ṣe ń lọ sókè tí ó ń bọ̀ wá sódò ni wọ́n dá mọ̀. Àwa tí a máa ń pe ìrun sí etí ọmọ titun, kí á má ṣe rò pé ẹni tí kò gbọ́ nǹkan ni à ń pè é sí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni orin tí ìyá fi ń rẹ ọmọ. Ní Yunifásítì Montreal ní Kánádà, wọ́n ṣe ìwádìí kan lórí àwọn ọmọ tí ó wà láàárín oṣù 6 sí 9, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2015. Wọ́n bá àwọn kan sọ̀rọ̀, wọ́n sì kọrin fún àwọn kan ní èdè Túrkì tí kò sí ẹni tí ó ń sọ ọ́ ní ilé wọn. Àwọn tí a bá sọ̀rọ̀ fara balẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 4 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Àwọn tí a kọrin fún fara balẹ̀ tó ìṣẹ́jú 9. Àwọn ìyá wa àgbà mọ èyí kí ọlọ́gbọ́n Kánádà tó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ìyá òde òní tí ẹ ń fi fóònù sí ọmọ lọ́wọ́ kí ó lè dákẹ́, ẹ rántí pé ohùn yín kò gba owó dátà.

Ó tún ní ohun tí orin ń ṣe fún ọmọ Yorùbá ní pàtàkì. Èdè wa, ohùn ni ó gbé e ró. Igbá tí a fi ń bu omi, ìgbà tí àkókò ń jẹ́, igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ, ìgbá tí a fi ń se ọbẹ̀, igba tí ó jẹ́ ogún lọ́nà mẹ́wàá: lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn, ohùn ni ó yà wọ́n. Ọmọ tí ó bá ti ń gbé orin àlọ́ láti kékeré ti ń kọ́ bí a ṣe ń pe èdè rẹ̀ láìmọ̀, nítorí pé bí orin bá ṣi ohùn ọ̀rọ̀ gbé, ìtumọ̀ yóò dàrú. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ìlù gángan fi lè sọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́. Ní ọdún 2006, Diana Deutsch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde tí ó fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ orin ní Ṣáínà wé àwọn ti Amẹ́ríkà. Èdè Ṣáínà náà, èdè olóhùn ni bíi tiwa. Àwọn ọmọ Ṣáínà tí ó lè gbọ́ ìró kan ṣoṣo kí wọ́n sì sọ irú ohùn tí ó jẹ́ pọ̀ ju ti Amẹ́ríkà lọ fíìfíì. Ọmọ tí ó ń sọ Yorùbá dáadáa nílé, etí rẹ̀ ti gbọ́n kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe lẹ́tà Lárúbáwá. Èmi sì ti rí i pé àwọn ọmọ tí wọn kò jẹ́ kí ó sọ Yorùbá nílé ni ó máa ń fún mi ní wàhálà jù lórí ohùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Bí a bá wá dé orí ìhásórí, ta ni kò mọ̀ pé orin ni okùn tí a fi ń so ìmọ̀ mọ́ ọpọlọ? Àwọn àgbà onímímọ̀ wa mọ̀ ọ́n dunjú. Nígbà tí Ibn Malik ará Andalusia, tí ó kú ní ọdún 1274, fẹ́ kọ́ni ní gírámà Lárúbáwá, bí ẹgbẹ̀rún ẹsẹ ewì ni ó fi ṣe é, ìyẹn Alfiyya. Al-Jamzuri ṣe ti tajwíìdì fún àwọn ọmọdé pẹ̀lú, Tuhfat al-Atfal, ewì ni. Èmi tí mò ń kọ èyí, mo ti gbàgbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí mo kà nínú ìwé lásán, ṣùgbọ́n bí ẹ bá jí mi lóru, mo lè ka Tuhfa fún yín. Àní àwọn lẹ́tà àlífù, báù, tí à ń kọ́ ọmọ titun, ta ni ó ń kọ́ wọn láìfi ohùn sí i?

Níbí yìí ni mo ti ní ohun kan láti jẹ́wọ́.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi tí ìka rẹ̀ kì í sinmi. Bí mo bá ń kàwé, yóò máa lu bẹ́ǹṣì. Bí a bá ń kà á papọ̀, yóò máa lù ú. Ó ní agolo mílíìkì kan tí ó fi ọ̀rá dè lẹ́nu, ìyẹn ni ìlù rẹ̀. Mo kọ́kọ́ kìlọ̀ fún un, lẹ́yìn náà mo nà án, lẹ́yìn náà mo gba agolo náà mo sì tẹ̀ ẹ́ pa lójú gbogbo kíláàsì. Mo ní ọmọ onílù kò lè há Alùkùránì sórí. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, kò wá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kò wá. Bàbá rẹ̀ fi sẹ́nu iṣẹ́.

Ó tó ọdún kan kí ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó sọ fún mi pé nígbà tí ó ń lu bẹ́ǹṣì yẹn, àwọn fífà tí a kọ́ wọn nínú tajwíìdì ni ó ń kà. Ẹ̀yin tí ẹ ti kàwé mọ̀ pé máddì ní òṣùwọ̀n: èyí tí à ń fà ní 2, èyí tí à ń fà ní 4 tàbí 5, èyí tí à ń fà ní 6. Ìka ni àwọn àfáà wa ní kí á máa ká lọ́kọ̀ọ̀kan fi kà á. Ọmọ náà fi ìka rẹ̀ kà á lórí pákó dípò kí ó ká a ni. Òun nìkan ni ó ń ṣe ohun tí mo kọ́ wọn.

Mo tún pàdé rẹ̀ ní ọdún 2019 níbi ìgbéyàwó kan. Ó wà lẹ́yìn olórin, ó ń lu ìlù, ó sì mọ̀ ọ́n lù. Nígbà tí ó rí mi, ó gbé ìlù sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Àfáà, mo ṣì mọ̀ ọ́n dé ibi tí mo dé lọ́jọ́ náà." Kò fi èébú sọ ọ́, kò sì fi ìbínú sọ ọ́. N kò lè jẹun níbẹ̀ mọ́.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé mo mọ ìtàn Abu Mahdhura, mo sì ti fi ṣe wáàsí lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀dọ́ ni Abu Mahdhura, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń sín ẹni tí ó ń pe ìrun jẹ lójú ọ̀nà lẹ́yìn ogun Hunayn. Ànábì gbọ́ ohùn rẹ̀. Dípò kí ó nà án, ó pè é, ó fọwọ́ rà á lórí, ó kọ́ ọ ní ìrun pípè, ó sì sọ ọ́ di ladáànì ní Mẹ́kà. Ọmọ tí ó ń fi ohùn ṣe yẹ̀yẹ́ ni ó di ẹni tí ó fi ohùn náà ṣe iṣẹ́ Ọlọ́hun títí ó fi kú.

Ìlù àti orin tí àwọn ọmọ bá jọ ṣe pọ̀ tún ń mú kí wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Ní ọdún 2010, Kirschner àti Tomasello kó àwọn ọmọ ọdún 4 jọ ní Jámánì ní méjì-méjì. Àwọn kan jọ kọrin, wọ́n jọ jó, wọ́n jọ lu nǹkan. Àwọn kan ṣe eré kan náà láìsí orin. Nígbà tí ohun ìṣeré ẹnì kan dà nù lẹ́yìn náà, àwọn tí wọ́n ti jọ kọrin ni wọ́n yára ran ara wọn lọ́wọ́ jù. Bí ọmọ kíláàsì wa bá jọ ń ké Súúrà kan pẹ̀lú ohùn kan náà, kì í ṣe ìhásórí nìkan ni ó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tà yín ní irọ́ pé orin ń sọ ọmọ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ní ọdún 1993, àwọn onímọ̀ kan ní California jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 36 gbọ́ orin Mozart fún ìṣẹ́jú 10, wọ́n sì ṣe dáadáa díẹ̀ sí i nínú ìdánwò nípa bí a ṣe ń fojú inú wo bí nǹkan ṣe rí. Kò pẹ́ tí ó fi tán lára wọn, bí ìṣẹ́jú 10 sí 15 ni. Àgbàlagbà ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọmọdé. Ṣùgbọ́n ìròyìn náà tàn, àwọn oníṣòwò sọ ọ́ di ọjà, ó sì dé ibi pé ní ọdún 1998 gómìnà ìpínlẹ̀ Georgia béèrè owó tí ó lé ní 100,000 dọ́là kí wọ́n lè fún ọmọ titun kọ̀ọ̀kan ní orin. Nígbà tí àwọn mìíràn tún un ṣe, wọn kò rí nǹkan gidi níbẹ̀. Ti ẹ̀kọ́ orin yàtọ̀ díẹ̀. Schellenberg ní Kánádà pín ọmọ ọdún 6 tí iye wọn jẹ́ 144 sí ọ̀nà 4 ní nǹkan bí ọdún kan: àwọn kan kọ́ dùùrù, àwọn kan kọ́ orin, àwọn kan kọ́ eré orí ìtàgé, àwọn kan kò kọ́ nǹkan kan. Ní ọdún 2004 ó ní òye àwọn tí ó kọ́ orin fi díẹ̀ lé ju ti àwọn yòókù lọ. Àwọn tí ó kọ́ eré ni ìwà wọn dára sí i láàárín ẹgbẹ́, kì í ṣe àwọn olórin. Àwọn mìíràn tún ṣe irú rẹ̀ lẹ́yìn náà, wọn kò rí èrè lórí òye. Èmi kò ní fi owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ mi ra orin nítorí èyí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ọ̀rọ̀ inú orin. Ohun kan náà tí ó ń mú kí Tuhfa dúró lórí mi títí dòní ni ó ń mú kí ìsọkúsọ dúró lórí ọmọ. Ohùn kò mọ ohun tí ó gbé. Ní ọdún 2003, Anderson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi orin oníjàgídíjàgan sí etí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n fi èyí tí kò ní ìjà nínú sí etí àwọn mìíràn. Àwọn tí ó gbọ́ ti ìjà ni èrò ìjà àti ìbínú wọn pọ̀ sí i. Ní ọdún 2009, Greitemeyer ní Jámánì wo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà: orin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dára mú kí àwọn tí ó gbọ́ ọ fẹ́ ṣe ìrànlọ́wọ́. Àwọn olùwádìí mìíràn ní Amẹ́ríkà tẹ̀ lé ọmọ 1,461 tí ó wà láàárín ọdún 12 sí 17 láti ọdún 2001 fún bí ọdún 3. Èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2006 fi hàn pé àwọn tí ó ń gbọ́ orin tí ó ń fi àbùkù kan obìnrin, tí ó ń sọ ọ́ di ẹran ìtajà, ni wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ ìbálòpọ̀. Wọ́n ti ṣírò àwọn nǹkan mìíràn tí ó lè fa irú rẹ̀ kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀. Orin ìfẹ́ tí kò ní àbùkù nínú kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí wọn.

Kí á má sì ṣe di ẹ̀bi ru ọmọ nìkan. Mo ti wà níbi ìsọmọlórúkọ tí a ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àdúà tán, tí wọ́n tan sípíkà, tí ọmọbìnrin ọdún 8 kan sì bọ́ sáàárín agbo. Ijó tí ó jó kì í ṣe ijó ọmọdé, ọ̀rọ̀ tí ó ń bá orin náà wí kò ṣeé wí níwájú àgbà. Ta ni ó ń ná an lówó? Ìyá rẹ̀ ni, àti àǹtí rẹ̀, àti alàájì kan tí n kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ náà gba owó, ó gba àtẹ́wọ́. Bí ó bá di ọmọ ọdún 15, wọn yóò wá pe àfáà kí ó wá bá wọn kì í nílọ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú jàmáà ń dúró de kí n sọ pé haráàmù ni gbogbo rẹ̀, àwọn kan sì ń dúró de òdìkejì. Fàtúwà kọ́ ni mo jókòó kọ. Àríyànjiyàn àwọn onímímọ̀ lórí ohun èlò orin ti pẹ́. Hádíìsì wà nínú Bukhari tí ó ka ohun èlò orin mọ́ ohun tí àwọn kan yóò sọ di ẹ̀tọ́. Ibn Hazm ní okùn ẹ̀gbàwá rẹ̀ já, Ibn Hajar ní kò já. Ó tún wà nínú Bukhari àti Muslim pé ọmọbìnrin méjì ń kọrin nílé Áíṣà lọ́jọ́ ọdún, Abubakar fẹ́ kọ̀ fún wọn, Ànábì sì ní kí ó fi wọ́n sílẹ̀. Al-Ghazali kọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ lé e lórí. Ilé-ìwòsàn tí Sultan Bayezid kejì kọ́ sí Edirne ní ilẹ̀ Túrkì ní 1488 fi orin tọ́jú aláìsàn. Àní fújì tí a máa ń bú lórí mínbárì, inú ààwẹ̀ wa ni ó ti jáde: wéré ni, orin tí àwọn ọmọdé fi ń jí wa jẹ sààrì. Ibẹ̀ ni Síkírù Àyìndé Barrister, tí ó kú ní ọdún 2010, ti bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Ibi tí gbogbo wọn ti fẹnu kò ni pé ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé sọ lẹ́nu lásán, ohùn dídùn kò lè sọ ọ́ di ẹ̀tọ́.

Ohun méjì kékeré kù. Èkíní ni pé ọmọ tí ó ń ka ìwé pẹ̀lú orin tí ó ní ọ̀rọ̀ nínú ń pe ọ̀rọ̀ méjì jọ sínú ọpọlọ kan. Ìwádìí Perham ní Wales fi hàn pé ìwé kíkà wọn máa ń bàjẹ́ sí i, yálà wọ́n fẹ́ràn orin náà tàbí wọn kò fẹ́ràn rẹ̀. Èkejì ni íyápíìsì. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọ̀dọ́ bí bílíọ̀nù 1.1 ni ariwo orin lè ba etí wọn jẹ́. Ìwọ̀n tí wọ́n là sílẹ̀ fún ọmọdé ni dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 75, fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Etí tí ó bá ti kú lọ́nà yìí kì í jí mọ́. Bí ọmọ bá fi íyápíìsì sétí, tí ìwọ tí ó jókòó tì í ń gbọ́ orin náà, ó ti pọ̀ jù.

Mo padà lọ bá ìyá yẹn. Mo ní, "Ìyá wa, ẹ má fọ́ fóònù." Mo bá a fi ohùn Mahmud Khalil al-Husary sí i, nítorí pé ó máa ń kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kì í sáré. Áyà 2 lójoojúmọ́ ni mo dá fún un. Wọn yóò gbọ́ ọ kí ọmọ tó sùn, láìsí íyápíìsì, ìyá yóò jókòó tì í, ọmọ yóò sì tẹ̀ lé e. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, yóò kà á fún ìyá rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan fóònù. Orin yòókù, kí ìyá máa gbọ́ ọ̀rọ̀ inú wọn; èyí tí òun fúnra rẹ̀ kò lè wí lẹ́nu, kí ó pa á rẹ́. Mo sì sọ fún ọmọ náà pé bí ó bá fẹ́ fi ìka lu tábìlì ka máddì, kí ó máa lù ú.

Lọ́jọ́ tí mo ń kọ èyí, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 3, ó ti dé áyà 26. Àwọn ọjọ́ tí iná kò sí, wọn kò ṣe é. Ìyá rẹ̀ ní òun náà ti mọ̀ ọ́n dé áyà 15, ó sì bẹ̀ mí kí n má sọ fún ọmọ náà, nítorí òun fẹ́ kọ́kọ́ lé e bá.